Kí Ni Ẹṣin Yẹn Jẹ?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, bóyá ni ẹnì kan wà tó ní fóònù tí kò rí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní Ojúde Ọba, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ agbádá, wọ́n ń sọ̀rọ̀ awò ojú dúdú, wọ́n ń sọ̀rọ̀ sìgá ńlá ẹnu rẹ̀. Ní tiwa, àwa ọmọ Ṣakí tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun l'Ékòó, ẹṣin là ń wò. Ìbéèrè tó wá sí wa lọ́kàn ò sì le rárá: kí ni ẹṣin yẹn jẹ láàárọ̀?

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Nínú iṣẹ́ wa, tí ohun tí a kọ bá dédé dákú lóru, ohun tó wọ inú rẹ̀ là ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò ká tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a wá jókòó ti ìtàn ẹṣin ilẹ̀ Yorùbá, a rí i pé àwọn òpìtàn sọ ẹni tó gun ẹṣin, wọ́n sọ ogun tó fi jà, wọ́n tún sọ gàárì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Oúnjẹ ẹṣin ni wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yà sí. Bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ọ̀hún ti pa ẹṣin ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ, ohun tó sì fi pa wọ́n ò jìnnà sí ìkòkò ògì tiwa náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹṣin ló sọ Ọ̀yọ́ di Ọ̀yọ́. Ọ̀yọ́-Ilé wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn, níbi tí igi ti jìnnà síra wọn, tí ẹlẹ́ṣin lè sáré láìfi orí gbá ẹ̀ka. Ṣùgbọ́n ẹṣin kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Láti òkè ni wọ́n ti ń rà á, lọ́wọ́ àwọn Tápà, Hausa àti Borno, owó ńlá ni wọ́n sì ń san. Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n lè máa sìn ín kó bímọ dáadáa nílé ni eṣinṣin tsetse. Ó ń gbé àìsàn oorun kiri, bí ẹṣin bá sì ti sọ̀ kalẹ̀ sọ́nà igbó, ọjọ́ ayé rẹ̀ ti di kíkà. Robin Law, òpìtàn tó kọ ìwé odindi lórí ẹṣin ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dún 1980, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí dáadáa.

Nígbà tí àwọn Tápà lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ọ̀dọ̀ wa ní Òkè-Ògùn ni ìjọba sá wá. Ìgbòho di olú ìlú. Títí dòní, Igbó Ọba tí wọ́n sin àwọn Aláàfin mẹ́rin sí ṣì wà níbẹ̀, ìrìn ọkọ̀ kékeré sì ni láti Ṣakí. Ní Ìgbòho náà ni wọ́n ti sọ pé Aláàfin Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀, tí ọ̀pọ̀ ìtàn pè ní obìnrin, tún ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin tò. Ìtàn ní ó máa ń so ewé mọ́ ìrù ẹṣin kó lè máa gbá ipasẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn wọn. A fẹ́ràn ìtàn yẹn láti kékeré. Ìgbà tí a dàgbà la tó bi ara wa léèrè ẹni tó ń gé koríko fún gbogbo ẹṣin wọ̀nyẹn.

Ẹ bá wa ṣírò ó. Ẹṣin kékeré tó wọn 300 kílò máa ń jẹ nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lójúmọ́, tí a bá ka oúnjẹ gbígbẹ nìkan. Kílò 6 nìyẹn. Tí ẹṣin bá jẹ́ 1,000, ó di kílò 6,000, ìyẹn ọgọ́ta àpò oní-100 kílò, lójoojúmọ́, láìka omi. Èyí tí ẹnì kan bá sọ pé òun kó ẹlẹ́ṣin ẹgbẹ̀rún lọ sógun oṣù mẹ́ta, ẹ bá wa bi í pé ọkọ̀ wo ló gbé oúnjẹ wọn.

Kò kúkú sí ọkọ̀. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé òjò ló ń lé Ọ̀yọ́ kúrò ní Dàhòmì. Ní 1726, ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ya wọ Dàhòmì, wọ́n sì tún padà lọ léraléra ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, títí Dàhòmì fi gbà pé òun á máa san ìṣákọ́lẹ̀. William Snelgrave, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ará Gẹ̀ẹ́sì kan, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1734. Oníṣòwò ẹrú ni, ìdí sì wà tí ènìyàn fi ní láti fura sí púpọ̀ nínú ohun tó sọ nípa àwọn aláwọ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ koríko, kò sí èrè kankan nínú irọ́ fún un. Ó ní bí ìgbà òjò bá ti ń wọlé, tí oúnjẹ ẹṣin sì ń wọ́n, àfi kí àwọn Ọ̀yọ́ ká gàárì wọn kí wọ́n máa lọ sílé. Ọba Dàhòmì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá ti gbọ́ pé Ọ̀yọ́ ń bọ̀, á sá wọ igbó, á dúró de òjò.

Ohun tí ẹṣin ìgbà náà ń jẹ ni koríko tútù, koríko gbígbẹ àti ọkà bàbà. Àgbàdo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Láti Amẹ́ríkà ló ti wá, lẹ́yìn 1492, àwọn Potogí sì wà lára àwọn tó gbé e dé etíkun wa. Díẹ̀díẹ̀ ló gun òkè, ó bọ́ sínú oko Òkè-Ògùn, ó sì jókòó. Lónìí, tí ẹ bá gba ọ̀nà Ṣakí sí Ìsẹ́yìn lásìkò ìkórè, ọkọ̀ àgbàdo ni ẹ ó máa yà fún. Àgbàdo yìí ni ìtàn wa gbára lé láti ibí lọ, nítorí inú rẹ̀ ni ohun tó ń pa ẹṣin sá sí.

Ẹṣin kì í bì. Àwa náà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ajá tó bá jẹ ìjẹkújẹ á bì í dànù, ènìyàn á bì, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ọ̀fun ẹṣin ṣe rí, ohun tó bá ti gbé mì, ó di tirẹ̀. Bó bá wá jẹ́ àgbàdo tó ti bu ló jẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun tó máa ń tẹ̀ lé e burú láti wò. Á kọ́kọ́ kọ oúnjẹ. Á dúró bí ẹni tó ń sùn lójú oorun. Ètè rẹ̀ á rọ̀ wálẹ̀, kò ní lè gbé nǹkan mì mọ́. Ojú rẹ̀ á là sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní ríran. Á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lójú kan, tàbí kó lọ fi iwájú orí ti ògiri, á máa tì í, á máa tì í, bí ẹni pé ògiri ló jẹ ẹ́ lówó. Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ó ti lè kú. Òmíràn ò tilẹ̀ pé wákàtí mélòó kan. Tí dókítà ẹran bá la orí rẹ̀, á rí i pé apá funfun inú ọpọlọ ti rọ̀, ó ti ń di omi. Kò sí oògùn rẹ̀ títí di bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ fojú inú wò ó kí èyí ṣẹlẹ̀ sí ẹṣin ìjòyè kan láyé àtijọ́. Ta ni yóò gbà pé oúnjẹ ni? Ọ̀tá ni wọn á wá.

Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń wá ọ̀tá. Ní Ukraine, láàárín ọdún 1930 sí 1939, ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í kú lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, nígbà tó jẹ́ pé ẹṣin ni wọ́n fi ń dáko. Ìjọba ní àwọn ọ̀tá ìlú ló ń fún wọn ní májèlé. Nikita Khrushchev, tí wọ́n rán lọ ṣe olórí ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì níbẹ̀ ní 1938, sọ nínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé wọ́n ti ń mú àwọn dókítà ẹran àti àwọn olùkọ́ yunifásítì, pé àwọn mìíràn tilẹ̀ jẹ́wọ́ ohun tí wọn ò ṣe. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Drobotko ló wá fi hàn pé nínú pòròpórò ọkà tó rin, tó sì bu, ni májèlé náà wà. Olú dúdú wínníwínní kan tí wọ́n ń pè ní Stachybotrys ló ń hù lára rẹ̀. Ìwé yẹn ò kúrò lọ́kàn wa fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ wo iye ènìyàn tó wà ní àtìmọ́lé nítorí pé wọ́n ò gbá ilé ìkóúnjẹsí gbẹ.

Ti àgbàdo pẹ́ kó tó yé ayé ju ti pòròpórò lọ. Ní 1902, dókítà ẹran kan ní Amẹ́ríkà, Tait Butler, mú àgbàdo tó bu, ó fi bọ́ ẹṣin, ẹṣin náà sì kú ikú tí à ń sọ yìí gan-an. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn, ó sì dájú. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, àbí? Kò parí. Ní ìgbà òtútù ọdún 1934 wọ 1935, nǹkan bí 5,000 ẹṣin kú ní ìpínlẹ̀ Illinois nìkan. Ọ̀dá ti kọ́kọ́ mú oko, òjò wá rọ̀ nígbà tí kò yẹ, àgbàdo bu, àwọn àgbẹ̀ tí kò ní nǹkan mìíràn sì fi bọ́ ẹran wọn. Ní Íjíbítì, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló kú. Nínú àgbàdo bíbu láti Íjíbítì yẹn ni Wilson àti Maronpot ti rí i ní 1971 pé olú kan báyìí tí wọ́n ń pè ní Fusarium ni ọ̀daràn náà. Wọ́n mọ olú, wọn ò tíì mọ májèlé inú rẹ̀.

South Africa ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà mọ̀ ọ́n yani lẹ́nu, nítorí wọn ò wá tẹṣin lọ. Ènìyàn ni wọ́n ń wò. Ní agbègbè Transkei, àrùn jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ, àgbàdo sì ni oúnjẹ wọn láàárọ̀ lálẹ́. Àwọn onímọ̀ tó wà ní Tygerberg, lára wọn Gelderblom àti Marasas, kó olú inú àgbàdo wọn jọ, wọ́n sì ń yọ ohun inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1988, wọ́n yọ májèlé kan, wọ́n sọ ọ́ ní fumonisin. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n fún ẹṣin kan ní fumonisin nìkan, láìfi àgbàdo kankan kún un, ọpọlọ ẹṣin náà sì rọ̀. Láti 1902 dé 1988, ọdún 86 ni. Nínú iṣẹ́ wa, tí àṣìṣe kan bá pé ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ ẹni, ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé, ní èdè tó yé àwa tí à ń kọ kóòdù. Ara ẹṣin, àti tiwa náà, ń fi ọ̀rá kan báyìí mọ ògiri sẹ́ẹ̀lì, pàápàá nínú ọpọlọ. Fumonisin jọ ọ̀kan nínú ohun èlò tí wọ́n fi ń mọ ọ́n. Ó á lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà tí ohun èlò gidi yẹ kó gbà wọlé, bí ayédèrú fáìlì tó ń jẹ́ orúkọ fáìlì gidi. Iṣẹ́ á dúró, ohun tí kò yẹ kó pọ̀ á máa pọ̀, ògiri á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Màlúù lè fara dà á dé ìwọ̀n kan. Ẹlẹ́dẹ̀ ò lè fara dà á tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló máa ń kún fún omi. Ẹṣin ló gbẹgẹ́ jù. Ìyẹn ni àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fi sọ pé àgbàdo tí a bá fẹ́ fún ẹṣin ò gbọ́dọ̀ ní ju mílígíráàmù 5 fumonisin nínú kílò kan lọ, tí àgbàdo ọ̀hún ò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ rẹ̀, nígbà tí wọ́n gbà tó 60 fún màlúù tí wọ́n ń sìn fún pípa.

Ibi tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n la dé yìí. Kì í ṣe gbogbo ara àgbàdo ni májèlé náà wà bákan náà. Ó pọ̀ jù lára èyí tó fọ́, èyí tí kòkòrò ti lu, eruku ìdí àpò àti eèrí. Nígbà tí ẹṣin tún kú púpọ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1989 sí 1990, irú ìdọ̀tí ìdí sẹ́ẹ̀rẹ́ yìí ni wọ́n rí nínú oúnjẹ wọn: wọ́n sẹ́ àgbàdo, wọ́n mú èyí tó dára fún ènìyàn, wọ́n fi ìyókù ṣe oúnjẹ ẹran.

Nígbà tí a kà á débẹ̀, ìyá àgbà wa la rántí. Ní Ṣakí, kí ìyá àgbà tó rẹ àgbàdo fún ògì, á tẹ́ ẹ sórí atẹ, á fẹ́ ẹ, á wá jókòó, á máa ṣà á. Èyí tó ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú, èyí tó ní ohun funfun bí òwú lẹ́nu, èyí tó fúyẹ́, gbogbo rẹ̀ á bọ́ sínú igbá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà á fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á rẹ ẹ́, á lọ̀ ọ́, á sẹ́ eèrí kúrò. Àwa ọmọdé rò pé àṣejù ni. Ní 2005, Fandohan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin gbé èsì ìwádìí jáde lórí bí àgbàdo ṣe ń di oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn obìnrin ibẹ̀, ògì wà lára ohun tí wọ́n wò. Wọ́n rí i pé ṣíṣà, fífẹ́ àti fífọ̀ ń yọ púpọ̀ nínú májèlé yìí kúrò. Fumonisin máa ń yọ́ sínú omi, ó sì máa ń bá omi ìfọ̀ lọ. Ìyá àgbà ò mọ Fusarium, ṣùgbọ́n kò jẹ ẹ́.

Igbá kékeré yẹn ńkọ́? Adìẹ ló ń jẹ ẹ́. Eèrí, ewúrẹ́ ló ni ín.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, a lọ sílé, a sì lọ kí ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń ta àgbàdo. Ó ní oríṣi àpò mẹ́ta nínú sọ́ọ̀bù. Ti àkọ́kọ́ mọ́ lóló, ti ilé oúnjẹ ni. Ti ìkejì ò fi bẹ́ẹ̀ mọ́, àwọn tó ń lọ àgbàdo fún adìẹ Ìbàdàn ni wọ́n ń rà á. Ti ìkẹta wà ní kọ̀rọ̀, ó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká nígbà tí kò tíì gbẹ. A bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń ra èyí?” Ó ní, “Àwọn ẹlẹ́ran ni. Àwọn tó lẹ́ṣin náà máa ń rà á tówó ò bá sí. Ẹran kì í ṣe ènìyàn.” A sọ ìtàn ọpọlọ ẹṣin fún un. Ó wò wá dáadáa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀yin oníkọ̀ǹpútà yìí, ẹ ò níṣẹ́ ṣe ni?” Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi bi wá pé, tí adìẹ bá jẹ ẹ́ ńkọ́, kí ló máa ń ṣe adìẹ?

Ìbéèrè yẹn dára, nítorí fumonisin nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Olú mìíràn wà, Aspergillus, tó ń pèsè aflatoxin. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń bá jà. Ìgbà tí tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1960 ni ayé tó mọ̀ ọ́n, inú ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n kó wá láti Brazil ni wọ́n ti rí i. Ẹyẹ kéékèèké ò lè dúró níwájú rẹ̀. Ẹṣin náà ń kú sí i. Ní Kenya, ọdún 2004, ènìyàn ni: ẹni 317 ló ṣàìsàn, 125 nínú wọn kú, àgbàdo tí wọ́n kó pamọ́ kó tó gbẹ ni wọ́n jẹ. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Benin àti Togo. Ní 2002, Gong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ èsì ẹ̀jẹ̀ ọmọdé 480 láti abúlé mẹ́rìndínlógún. Ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún ni aflatoxin wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, àwọn tó ní púpọ̀ sì kúrú ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Láti Ṣakí, ìrìn díẹ̀ ni ẹnubodè Benin. Ọ̀nà kan náà ni àgbàdo wọn àti tiwa ń gbà kọjá.

Ìdí tí Òkè-Ògùn fi ní láti ṣọ́ra ju àwọn ará òkè lọ ni pé ẹ̀ẹ̀mejì là ń gbin àgbàdo. Èyí tí a gbìn ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin máa ń gbó ní oṣù keje sí ìkẹjọ, nígbà tí òjò ṣì wà nílẹ̀. Oòrùn ò tó, kò sí ibi gbígbẹ láti sá a sí, titi ọ̀dà sì ni ọ̀pọ̀ ń sá a sí. Wọ́n á rọ ọ́ sínú àpò nígbà tí ó ṣì tutù nínú. Láyé àtijọ́, òkè ààrò ni ìyá àgbà máa ń so tirẹ̀ rọ̀ tòun ti háhá, èéfín á máa gbẹ ẹ́, kòkòrò ò sì ní lè sún mọ́ ọn. A bú u nígbà yẹn pé ó ń mú ilé dúdú.

Ní IITA, n'Íbàdàn, wọ́n ti ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní Aflasafe, tí NAFDAC fọwọ́ sí ní kíkún lọ́dún 2014. Ọkà bàbà ni, wọ́n sè é kó má lè hù, wọ́n wá fi Aspergillus tí kì í pèsè májèlé bò ó. Kílò 10 ni wọ́n ń fọ́n sí hẹ́kítà kan, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó. Èyí tí kò léwu á gba àyè lọ́wọ́ èyí tó léwu. Ọgbọ́n yẹn dùn mọ́ wa gan-an. Ṣùgbọ́n aflatoxin ló wà fún, kò kan fumonisin. Ti ẹṣin ṣì wà nílẹ̀.

A sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n wa lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun ti kó àpò kọ̀rọ̀ yẹn kúrò. A bi í pé ṣé ó dà á nù ni. Ó ní rárá o, ọkùnrin kan láti ọ̀nà Ìgbòho ló wá rà á, ó ra àpò mẹ́rin. A bi í pé kí lọkùnrin náà fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun ò bi í.